Ta Ni Ọ̀gá: Èmi Tàbí Kọ̀ǹpútà?

Nígbà tí olóòtú ìwé ìròyìn wa ní kí n kọ nǹkan sí ti ọdún yìí, ohun tí ó rò pé n óò kọ ni àpilẹ̀kọ lórí ìjálá, nítorí pé òun ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún oyè kejì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi láàyè kí n sọ̀rọ̀ nípa ohun mìíràn tí ó ń jẹ àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá níyà lábẹ́lẹ̀, tí ojú sì ń tì wá láti sọ síta. Ìbẹ̀rù kọ̀ǹpútà ni.

Ní ọdún 2016 ni mo kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì. Àjọ JAMB ti pa ìwé àti pẹ́ńsùlù tì ní ọdún 2015. Láti ìgbà náà, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo olùdánwò ti ń ṣe é. Ní ilé-ìwé wa ní abúlé, kọ̀ǹpútà mẹ́fà wà nínú yàrá kan tí wọ́n máa ń tì pa. Aṣọ funfun ni wọ́n fi bò wọ́n bí òkú. Orí pátákó ni olùkọ́ wa ti kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà: ó fi ṣọ́ọ̀kì ya máòsì, ó ya kíbọ́ọ̀dù, àwa náà dà á kọ, mo sì gba máàkì 83 nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan máòsì gan-an ni ọjọ́ ìdánwò JAMB.

Bí mo ti fà á báyìí ni ọfà kékeré tí ó wà lójú ẹ̀rọ fò lọ sí kọ̀rọ̀. Mo fà á padà, ó gba ìhà kejì lọ. Mo tẹ nǹkan kan, ìbéèrè tí mo ń kà pòórá, òmíràn yọ. Mo rò pé mo ti ba ẹ̀rọ olówó iyebíye jẹ́. Mo na ọwọ́ sókè; ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣọ́ wa pariwo láti ọ̀ọ́kán pé, "Má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́!" Mo gbọ́ràn. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ ni aago tí ó wà lókè ojú ẹ̀rọ ń ka àkókò sẹ́yìn, kò dúró dè mí. Àtẹ́lẹwọ́ mi tutù, àyà mi ń lù kìkì. Ìbéèrè lórí èdè Yorùbá, tí mo lè dáhùn lójú oorun, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin kí ó tó yé mi. Nígbà tí èsì jáde, 148 ni mo gbà. Bàbá mi ní n kò kàwé. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an? Àwọn tí ó ń kọ́ ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìṣesí ẹ̀dá ṣàlàyé pé ibi tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, ìyẹn ibi tí a ń kó ọ̀rọ̀ sí fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí a bá ń ronú lé e lórí, kò fẹ̀ rárá. Ẹ fi wé àtẹ ìyá aláta. Bí ata bá ti gba gbogbo orí àtẹ, tòmátì kò ní rí ibi jókòó. Ẹrù ni ìfòyà gan-an jẹ́ lórí àtẹ náà. "Ṣé n kò ti bà á jẹ́? Ṣé wọn kò ní lé mi jáde? Àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà, ṣé èmi nìkan ni n kò mọ̀ ọ́n?" Nígbà tí gbogbo èyí bá ti jókòó, níbo ni ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀-ìṣe yóò jókòó sí? Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè mọ nǹkan nílé, kí ó gbàgbé rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, kí ó sì tún rántí rẹ̀ bí ó bá ti ń jáde lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú ará oko wò wá nítorí èyí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí kọ̀ǹpútà ti kún ọ́fíìsì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, Craig Brod kọ odidi ìwé kan tí ó pè ní Technostress ní ọdún 1984, nípa wàhálà tí ẹ̀rọ yìí ń kó bá ọkàn àwọn tí kò mọ bí wọn yóò ti bá a gbé. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ pàápàá bẹ̀rù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wù mí láti bá yín sọ ju ìbẹ̀rù lọ ni òdìkejì rẹ̀, èyí tí mo ń pè ní ìkáwọ́. Bí nǹkan bá wà ní ìkáwọ́ ẹni, ọkàn a balẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọkàn a fò sókè. A lè rò pé ohun tí ń dẹ́rù bani ni bí nǹkan ti burú tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ní ọdún 1972, David Glass àti Jerome Singer gbé ìwé kan jáde lórí àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe nípa ariwo. Wọ́n ń da ariwo líle, tí ń bú jáde láìròtẹ́lẹ̀, sí àwọn ènìyàn létí nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fún àwọn kan ní bọ́tìnì. Wọ́n ní bí ariwo náà bá pọ̀ jù fún wọn, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, yóò dákẹ́, ṣùgbọ́n inú àwọn yóò dùn bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́. Wọn kò sì tẹ̀ ẹ́. Ariwo kan náà, tí kò dín tí kò lé, ni àwọn oníbọ́tìnì àti àwọn tí kò ní bọ́tìnì gbọ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fún gbogbo wọn ní iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn náà, àwọn oníbọ́tìnì ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ: wọ́n rí àṣìṣe púpọ̀ sí i nínú ìwé tí a ní kí wọ́n yẹ̀ wò, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó jọ̀wọ́ àdììtú tí kò ṣeé tú. Ẹ wo nǹkan! Bọ́tìnì tí a kò tẹ̀ ni ó ṣiṣẹ́. Kí ènìyàn ṣáà ti mọ̀ pé ọ̀nà wà bí ọ̀rọ̀ bá le, ó tó láti mú ọkàn rẹ̀ dúró.

Èyí tí ó tún jọ ọ̀rọ̀ tèmi jù ni ti Martin Seligman àti Steven Maier ní ọdún 1967. Ajá ni wọ́n lò, n kò sì ní í purọ́, àánú àwọn ajá náà ṣe mí nígbà tí mo kà á. Wọ́n ń fi iná mànàmáná ta àwọn ajá kan, ṣùgbọ́n bí ajá bá fi orí ti pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná náà a dáwọ́ dúró. Wọ́n fi iye iná kan náà ta àwọn ajá mìíràn, ṣùgbọ́n ti àwọn wọ̀nyí, ohun yòówù kí wọ́n ṣe, kò já mọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ó yá, wọ́n kó gbogbo wọn lọ sínú àpótí ńlá kan tí ìdènà kúkurú wà láàárín rẹ̀. Ajá tí ó bá ti fò ó kọjá ti bọ́ lọ́wọ́ iná. Àwọn ti àkọ́kọ́ fò ó kíákíá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti ẹ̀ẹ̀kejì kò tilẹ̀ gbìyànjú. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n ń ké. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀, wọn kò gbà á.

Nígbà tí mo ka èyí nínú ilé-ìkàwé wa, mo rí ara mi nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ní ọdún 2016, tí mo káwọ́ lé itan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo fa máòsì, ohun tí mo retí kò ṣẹlẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì, ohun tí n kò retí ṣẹlẹ̀. Mo bèèrè, wọ́n jágbe mọ́ mi. Kí ni ó tún kù ju kí n dùbúlẹ̀ lọ?

Bí wọ́n ti wo àwọn ajá náà sàn ni ó dára jù nínú ìtàn náà. Ẹsan kò wò wọ́n sàn, ìpè kò wò wọ́n sàn. Ńṣe ni wọ́n so okùn mọ́ wọn lọ́rùn, tí wọ́n wọ́ wọn kọjá ìdènà náà léraléra, títí ara wọn fi mọ̀ pé bí àwọn bá kọjá, iná a dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà wọ́n ń fò ó fúnra wọn. Ní ọdún 2016, Maier àti Seligman tún kọ̀wé pé àwọn ti rí i nísinsìnyí pé òdìkejì ni àwọn kọ́kọ́ mú: ẹ̀dá kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àìlágbára, bí ìyà bá pẹ́ lórí rẹ̀, ó máa ń dùbúlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ohun tí ọpọlọ ní láti kọ́ ni pé nǹkan wà ní ìkáwọ́ òun.

Okùn tèmi ni ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n sì ń da ìwé kọ. Ní alaalẹ́, bí àwọn oníbàárà bá ti lọ, ó máa ń gbé mi jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan. Kò kọ́ mi ní nǹkan kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní kí n máa ta ayò orí rẹ̀, èyí tí ó ní káàdì. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n tó mọ̀ pé máòsì ni ó ń kọ́ mi. Imú ẹlẹ́dẹ̀ wọgbà díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 2017, mo ṣe ìdánwò kan náà, mo wọlé. Ìwé tí mo kà ní ọdún àkọ́kọ́ náà ni mo tún kà.

Albert Bandura, tí ilẹ̀ Kánádà bí, kọ̀wé ní ọdún 1977 nípa ìgbàgbọ́ tí ènìyàn ní pé òun lè ṣe nǹkan kan pàtó. Ó ní ibi mẹ́rin ni ìgbàgbọ́ yìí ti ń wá. Èyí tí ó lágbára jù ni pé kí ènìyàn ti ṣe é rí kí ó sì yọrí. Èkejì ni kí ó rí ẹlòmíràn tí ó dà bí tirẹ̀ tí ó ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí "tí ó dà bí tirẹ̀": ọmọ tí bàbá rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà fún láti kékeré, bí ó bá tẹ̀ ẹ́ kánmọ́kánmọ́ lójú ọmọ abúlé, ẹ̀rù ni ó ń dá kún ẹ̀rù. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìyànjú. Ẹ̀kẹrin ni bí ara ti rí lára, nítorí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já yóò rò pé àyà tí ń já náà ni ẹ̀rí pé òun kò mọ̀ ọ́n. Tí mo bá lè sọ ọ́ láìrí ìbínú àwọn àgbà, ẹ̀kẹta nìkan ni a ń lò jù ní yunifásítì. "Ẹ máa gbìyànjú, kò le." Ẹni tí a sọ fún pé nǹkan kò le, tí ó sì le fún un, yóò gbà pé òun gan-an ni òpè.

Ní ọdún 1995, Deborah Compeau àti Christopher Higgins, ní Kánádà, lo èrò Bandura fún kọ̀ǹpútà. Wọ́n ṣe ìbéèrè mẹ́wàá: ṣé o lè fi ẹ̀rọ tí o kò lò rí ṣe iṣẹ́ rẹ bí kò bá sí ẹni tí yóò júwe fún ọ? Bí o bá ti rí ẹni tí ó lò ó ńkọ́? Bí ẹnì kan bá kọ́kọ́ fi hàn ọ́ ńkọ́? Wọ́n rí i pé àwọn tí ó gbà pé àwọn lè ṣe é kì í bẹ̀rù tó àwọn yòókù, wọ́n ń gbádùn rẹ̀, wọ́n sì ń lò ó sí i.

Ẹ wá jẹ́ kí n mẹ́nu ba ìyà tí ó jẹ́ ti àwa oní-Yorùbá nìkan. Bí ọmọ ẹ̀ka mìíràn bá kọ iṣẹ́ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ a máa bá a tún un ṣe. Bí èmi bá kọ tèmi, pupa ni gbogbo ojú ìwé ń fà láti òkè dé ilẹ̀, nítorí ẹ̀rọ kò mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí, ó fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀. Àwa tí ilé-ìwé ti kọ́ láti kékeré pé pupa ni àmì àìdára, kí ni ọkàn wa yóò máa sọ fún wa? Ó ṣeé pa. Ènìyàn lè sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó má yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò. Ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ mi lo ọdún mẹ́rin láìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti àmì ohùn tún wà níbẹ̀. Ìdí kan tí wọ́n fi ń sọ pé "ẹ̀rọ yìí ti ya wèrè" ni pé bí wọ́n bá fẹ́ pa "ọ́" rẹ́, wọn a tẹ bọ́tìnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àmì orí rẹ̀ a lọ, "ọ" a sì dúró síbẹ̀ bí ẹni pé ó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Kò sí wèrè níbẹ̀. "Ọ" ní àyè tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí odidi lẹ́tà kan, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n "ọ" tí ó ní àmì ohùn lórí kò ní àyè kan ṣoṣo, nǹkan méjì ni kọ̀ǹpútà kó lé ara wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a óò pa á. Ní ọjọ́ tí mo ṣàlàyé èyí fún àwọn ọmọ ọdún kìíní, mo rí i tí èjìká wọn wálẹ̀. Ohun tí a bá mọ ìdí rẹ̀ kì í ṣe iwin mọ́.

Ní ọdún 1966, Julian Rotter pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà méjì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń wo ohun tí ó bá dé bá wọn. Àwọn kan gbà pé ọwọ́ àwọn ni ó ti wá. Àwọn kan gbà pé láti ìta ni: oríire ni, tàbí àwọn alágbára ni. Àwọn onímọ̀ kan fẹ́ràn láti máa yin àwọn ti àkọ́kọ́. Èmi kò yára tẹ̀ lé wọn. Àwọn baba wa ní orí ni ènìyàn yàn wá sáyé, wọ́n sì ní ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn kí orí tó dé ibi tí ó ń lọ. Méjèèjì ni wọ́n mú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó jẹ́ kí n gbà pé wọ́n jàre.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gbé ní Èkó pè mí lórí fóònù. Èsì JAMB rẹ̀ ti jáde, kò dára rárá. Ẹkún ni ó ń sun. Ó ní, "Bọ̀dá mi, mi ò mọ̀wé." Èmi tí mo ti gba 148 rí, kí ni mo sọ? Mo ní kí ó jókòó ti ìwé rẹ̀ dáadáa ní ọdún tí ń bọ̀. Kò pẹ́ rárá, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà jáde sí gbangba, ó gbà pé àṣìṣe ti wà, ó sì sunkún lójú gbogbo ayé. Ẹ̀rọ ni kò gba àtúnṣe tí ó yẹ kí ó gbà ní àwọn ibùdó kan. Ibùdó 157 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, olùdánwò 379,997 ni wọ́n sì ní kí ó tún un ṣe. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú wọn. Mo pè é padà láti bẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé inú ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni gbogbo ìfòyà kọ̀ǹpútà wà, n óò bi í léèrè pé ọkàn ta ni ó wà nínú ibùdó 157 yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ bí ó ti kan ẹni tí ń lò ó. JAMB fúnra wọn ti ṣe ohun kan tí ó yẹ kí a yìn: wọ́n gbà kí olùdánwò fi lẹ́tà mẹ́jọ péré ṣe gbogbo ìdánwò láìfọwọ́ kan máòsì. A, B, C àti D wà fún ìdáhùn, N fún iwájú, P fún ẹ̀yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R láti yí ìpinnu náà padà. Ká ní èyí wà fún mi ní ọdún 2016! Ben Shneiderman, tí ó kọ àwọn òfin fún àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ní àárín àwọn ọdún 1980, ní kí wọ́n jẹ́ kí ó rọrùn láti dá ohun tí a ti ṣe padà, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ̀ pé àṣìṣe ṣeé túnṣe kì í fòyà. Bọ́tìnì Glass àti Singer tí wọn kò tẹ̀ náà ni, ní ọ̀nà mìíràn. Orí kọ̀ǹpútà wa, Ctrl àti Z ni.

Ní oṣù tí ó kọjá, Màmá, akẹgbẹ́ wa kan tí ó ti ṣe olùkọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí ó tó wá sí yunifásítì, gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá sí yàrá kọ̀ǹpútà. Ó na ìwé náà sí mi. "Ọmọ mi, jọ̀wọ́, bá mi tẹ̀ ẹ́, kí n má ba nǹkan oní-ǹkan jẹ́."

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò tẹ̀ ẹ́."

Ó jókòó sí etí àga bí ẹni tí ó fẹ́ sáré. Wákàtí kan gbáko ni ó fi tẹ ìdajì ojú ìwé kan. Nígbà tí ó parí rẹ̀, mo ní kí ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kí ó gbé ọmọ jù sí kànga. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó di ojú, ó tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé náà di funfun báláú. Mo wá fi Ctrl àti Z hàn án. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà wá, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀.

"Háà!" Ó tún pa á rẹ́, ó tún dá a padà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì, ó wọ awò ojú rẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ jókòó tì í kí n máa wò ó. Ó ní, "Dìde níbẹ̀, ìwọ ọmọ yìí, o ń dí mi lọ́wọ́."